Àgbá mẹ́rin fún ewé òkun: níbi tí kábọ̀n ti ń tán kí ìmọ́lẹ̀ tó tán

Àgbá rọ́bà mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí, oníwọ̀n líta 220 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní àgbàlá kan tí kò jìnnà sí òkun ní apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Omi òkun ń gba inú wọn kọjá, atẹ́gùn ń ru ú, Ulva sì ń yí po nínú rẹ̀. Ulva ni ewé òkun pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta tí wọ́n fi ń dènà ìgbì létíkun. A fi nẹ́ẹ̀tì tó nípọn bo àgbá méjì, a fi èyí tó fẹ́lẹ́ bo méjì yòókù. Nínú méjì-méjì yẹn, ọ̀kan ń gba gáàsì CO2 (èyí tí a ń mí jáde, tí ewé ń mú kábọ̀n inú rẹ̀ jẹ), èkejì kò gbà. A pe èyí tó ṣókùnkùn láìsí gáàsì ní A, èyí tó ṣókùnkùn tó ní gáàsì ní B, èyí tó mọ́lẹ̀ láìsí gáàsì ní C, èyí tó mọ́lẹ̀ tó sì ní gáàsì ní D.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n wà fún: bí ewé òkun inú táńkì bá kọ̀ tí kò dàgbà, ṣé ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n án ni, àbí kábọ̀n? Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí pé ojú ń rí òkùnkùn, ojú kò sì rí kábọ̀n. Wọ́n á ká nẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n á ra iná, ewé á sì wà bó ṣe wà. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìmọ́lẹ̀, kábọ̀n àti ajílẹ̀ ni ààrò tibí. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan ga tí èkejì ṣì rì sínú ilẹ̀, ìkòkò á dojú dé náà ni.

Ìṣirò kí a tó gé páìpù

Ẹ jẹ́ ká ka oúnjẹ inú omi ná. Omi òkun tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 (gíráàmù nínú kílò omi kan), tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe ń ga ni ásíìdì ń dín) jẹ́ 8.1, ní nǹkan bí 1,970 µmol kábọ̀n yíyòrò nínú kílò kan. µmol ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù móòlù, móòlù sì ni ẹyọ tí wọ́n fi ń ka átọ́ọ̀mù. Ó dún bí ohun tó pọ̀. Ṣùgbọ́n báíkábọ́nétì ló kó bí 1,720 nínú rẹ̀, kábọ́nétì kó bí 235, gáàsì CO2 fúnra rẹ̀ kò sì ju bí 10 lọ. Ulva ní ẹ́ńsáìmù tó ń sọ báíkábọ́nétì di CO2 létí ara ewé, ìdí nìyẹn tí a fi yàn án. Àwọn ewé òkun pupa kan wà tí ń gbé nísàlẹ̀ omi níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, tó jẹ́ pé CO2 nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n jẹ. Ẹ má fi ìṣirò yìí ṣe tiwọn, ebi á pa wọ́n tipẹ́ kí Ulva tó mọ̀ pé nǹkan ń dín.

Bí ewé ṣe ń mu kábọ̀n ni pH ń gòkè. Nígbà tó bá fi dé 9.0, CO2 ti wálẹ̀ sí bí 0.4 µmol, báíkábọ́nétì ti wálẹ̀ sí bí 615, gbogbo kábọ̀n tó kù lápapọ̀ kò ju bí 1,280 lọ. Yọ 1,280 kúrò nínú 1,970, ó ku 690 µmol. Ìyẹn ni oúnjẹ gidi tó wà nínú líta omi kan. Ulva lè fi agídí ti pH kọjá 9.5, àmọ́ agbára tí ì bá fi dàgbà ló ń ná síbẹ̀, ìdàgbà rẹ̀ á sì máa falẹ̀ sí i.

Líta 180 ni omi inú àgbá kan. 690 µmol lọ́nà 180 jẹ́ móòlù 0.124, ìyẹn gíráàmù 1.5 kábọ̀n. A ka kábọ̀n sí 30% ara ewé gbígbẹ, a ka gbígbẹ sí 15% ara ewé tútù. Gíráàmù 1.5 yẹn á fún wa ní gíráàmù 5 gbígbẹ, tó jẹ́ gíráàmù 33 tútù. Nítorí náà, omi tuntun kíkún àgbá kan kò lè bọ́ ju gíráàmù 33 ewé tuntun lọ kí pH tó kan 9.0. Ewé gíráàmù 360 tí ń dàgbà ní 10% lójúmọ́ nílò 36. Ọjọ́ kan péré, oúnjẹ ti tán.

Ó wá kan ìmọ́lẹ̀. Ẹnu àgbá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 58, ojú omi rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 0.26. Ẹ̀gbẹ́ àgbá kò gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, òkè nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìmọ́lẹ̀ tí ewé lè lò lè tó móòlù fótọ́ọ̀nù (hóró ìmọ́lẹ̀) 40 lórí mítà onígun mẹ́rin kan láti àárọ̀ dé alẹ́. A fi fótọ́ọ̀nù 20 ṣírò átọ́ọ̀mù kábọ̀n kan. Èyí tó kéré jù tí iṣẹ́ inú ewé gbà jẹ́ bí 8 sí 10, ṣùgbọ́n nínú táńkì, púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ń ta padà lójú omi tàbí kó ṣòfò lára ewé tó ti yó.

Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó ń dí 80%: 40 × 0.2 × 0.26, móòlù fótọ́ọ̀nù 2.1. Ìyẹn lè di móòlù kábọ̀n 0.105, tàbí gíráàmù ewé tútù 28. Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó ń dí 30%: 40 × 0.7 × 0.26, móòlù 7.3. Ó lè di kábọ̀n 0.36, tàbí gíráàmù tútù 97.

Ẹ gbé wọn sún mọ́ra wò. Nínú A, ìmọ́lẹ̀ lè ṣe gíráàmù 28, omi sì gbé oúnjẹ 33 wá, oúnjẹ tó. Bí a bá da gáàsì sí B, owó gáàsì ló ṣòfò. Nínú C, ìmọ́lẹ̀ lè ṣe 97, omi ò gbé ju 33 lọ wá. Ibẹ̀ ni CO2 ti níye, ibẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ C àti D ti ń jáde. Òkè àjà ni gíráàmù 97 yẹn o: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan pọ̀ ju ohun tí ewé òkè lè lò, èyí tó kù ń ṣòfò. Kí ẹ má lọ fi ṣe ìlérí fún ẹni tó ń ra ewé lọ́wọ́ yín.

Ẹnìkan á sọ pé, atẹ́gùn tí ẹ ń fẹ́ sínú omi ńkọ́, ṣé CO2 kò sí nínú rẹ̀ ni? Ó wà: ẹyọ 420 nínú mílíọ̀nù kan. Mítà onígun mẹ́fà kan afẹ́fẹ́ (líta 1,000) kò gbé ju gíráàmù 0.21 kábọ̀n lọ. Líta 10 ní ìṣẹ́jú kan fún wákàtí 12 jẹ́ mítà onígun mẹ́fà 7.2, gíráàmù 1.5 kábọ̀n. Iye yẹn dọ́gba pẹ̀lú ti omi, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni èéfọ́ afẹ́fẹ́, ìyẹn hóró afẹ́fẹ́ tó ń gòkè nínú omi, ń lò nínú omi tí kò jìn tó mítà kan, díẹ̀ nínú CO2 rẹ̀ ló ń sọ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ́ lójú omi. Iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń ṣe níbí yàtọ̀. Nínú omi, CO2 ń rìn lọ́ra ní ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ, omi tín-ín-rín kan sì máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí awọ yí ewé ká. Bí omi kò bá ru, ewé á jẹ oúnjẹ inú awọ yẹn tán, á sì máa wo oúnjẹ tó kù lọ́ọ̀ọ́kán. Ríru omi ló ń mú awọ náà fẹ́lẹ́. Ó tún ń lé ọ́síjìn tó pọ̀ jù jáde. Ọ́síjìn yẹn, bó bá kún omi, a máa dí iṣẹ́ ewé lọ́wọ́.

Ohun èlò

Àgbá líta 220 mẹ́rin, èyí tí wọ́n fi kó nǹkan jíjẹ. Èyí tí wọ́n fi kó kẹ́míkà, bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ gbé e jù síbẹ̀. Táńkì líta 1,000 kan lórí búlọ́ọ̀kù tó ga tó mítà kan àbọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì líta 20 kan pẹ̀lú fáàfù oníbọ́ọ̀lù irú ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Pọ́m̀pù atẹ́gùn kan tó ń fẹ́ líta 60 ní ìṣẹ́jú kan, wáàtì 35. Páìpù PVC mílímítà 20, gígùn mítà 6 méjì. Fáàfù kékeré mẹ́sàn-án. Nẹ́ẹ̀tì ìbòòji 80% àti 30%, mítà 2 × 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti rọ́bà funfun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá fún òrùlé. Ínfátà kékeré àti bátìrì 12V, 100Ah.

Fún gáàsì: sílíńdà CO2 kílò 5 kan (lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gáàsì fún wẹ́dà), régulétọ̀ (tí ń dín agbára gáàsì kù) tó ní fáàfù abẹ́rẹ́ (tí ń dín ìṣàn rẹ̀ kù), sólẹ́nọ́ìdì 12V méjì (fáàfù tí iná ń ṣí) tí ń pa dé bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ pH méjì, fáàfù aláìpadà méjì, òkúta èéfọ́ kéékèèké méjì.

Fún wíwọ̀n: mítà pH ọlọ́wọ́ kan pẹ̀lú omi ìfiwọ̀n 7.00 àti 10.01, mítà lúùsì (tí ń ka ìmọ́lẹ̀), awò tí ń wọn iyọ̀, tẹmómítà, òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Fún ajílẹ̀: pọtásíọ̀mù nítíréètì àti pọtásíọ̀mù fọ́sífétì, KNO3 àti KH2PO4 lára àpò.

Ọjọ́ 1 àti 2: àgbá, omi, atẹ́gùn

Ẹ gé orí àgbá kúrò, ẹ fi fáìlì fá etí rẹ̀, nítorí etí tó mú á máa ya ewé. Ẹ lu ihò àbájáde síbi tó fi sẹ̀ǹtímítà bí 17 sí ìsàlẹ̀ etí, kí omi dúró sí líta 180. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ bo ihò yẹn. Ewé kan á lẹ̀ mọ́ ọn, ìkejì á tẹ̀ lé e, omi á kún bo etí, ẹ ó sì bá Ulva nílẹ̀ láàárọ̀. Páìpù gígùn sẹ̀ǹtímítà 30 tí a lu ihò sí yíká tí a fi nẹ́ẹ̀tì mílímítà 3 wé ló yẹ, torí ojú rẹ̀ gbòòrò, omi kò fa ewé mọ́ ọn.

Páìpù atẹ́gùn: sẹ̀ǹtímítà 45 fún àgbá kọ̀ọ̀kan, ihò 16, mílímítà 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú ihò kọ sí ìsàlẹ̀ kí ìdọ̀tí má dí i. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ àgbá, kì í ṣe àárín. Bó bá wà láàárín, ewé á dúró sí gbogbo igun yíká. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo omi á yí bí àgbá tí ń yí lórí òkè, ewé kọ̀ọ̀kan á sì máa yọjú sókè gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kó tó tún rì. Líta 10 ní ìṣẹ́jú kan ni fún àgbá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fáàfù kẹsàn-án tú èyí tó ṣẹ́ kù dànù kí pọ́m̀pù má baà gbóná. Ẹ gbé pọ́m̀pù ga ju ojú omi lọ. Bí iná bá lọ tí pọ́m̀pù wà nísàlẹ̀, omi òkun á fà padà sínú rẹ̀, ó di ìsìnkú.

Omi: mílílítà 250 ní ìṣẹ́jú kan, láti aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ dé aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ kíkún àgbá kan lójúmọ́. Ike omi 50cl ni ẹ fi wọ̀n ọ́n: ó gbọ́dọ̀ kún ní ìṣẹ́jú 2 géérégé. Bí ẹ bá so àgbá mọ́ táńkì ńlá tààrà, omi á máa sáré láàárọ̀ nígbà tí táńkì kún, á máa rìn bí arúgbó ní ìrọ̀lẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníbọ́ọ̀lù tó wà láàárín ló ń mú kí ó dúró sójú kan. Bí omi C bá ṣe ìdajì ti A, gbogbo ìdánwò yín ti di ọ̀rọ̀ àhesọ.

Ibi tí ẹ ti ń fa omi ṣe pàtàkì. Omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun. Ní àsìkò òjò, ọ̀sà Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi dídùn, bí iyọ̀ sì ṣe ń dín ni báíkábọ́nétì ń dín. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti òkun lè mú oúnjẹ kábọ̀n dé ìdajì tàbí kó kéré sí i, ẹ ó sì máa bú nẹ́ẹ̀tì. A kì í gba omi tí iyọ̀ rẹ̀ bá wà lábẹ́ 30 sínú táńkì.

Ọjọ́ 3: nẹ́ẹ̀tì àti kíka ìmọ́lẹ̀

Ẹ na nẹ́ẹ̀tì sórí igi, sẹ̀ǹtímítà 50 sókè àgbá, kí ó sì wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oòrùn àárọ̀ á yọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà òrùlé wà lókè gbogbo wọn nítorí òjò.

Mítà tí ń ka ìmọ́lẹ̀ ewé gan-an wọ́n. Mítà lúùsì tó fún oòrùn, bí ẹ bá pín iye rẹ̀ sí 54: lúùsì 100,000 jẹ́ nǹkan bí 1,850 µmol ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí mítà onígun mẹ́rin. Ti iná mànàmáná ní nọ́ńbà ìpín tirẹ̀, ẹ má fi 54 ṣe é. Ẹ wé ojú mítà sínú ọ̀rá tí kò ní ìlà, kí ẹ kà á ní ojú omi, kí ẹ kà á ní sẹ̀ǹtímítà 30 sísàlẹ̀ nígbà tí ewé ń yí. Ká ní ojú omi jẹ́ 1,000, tí ìsàlẹ̀ 30 jẹ́ 100: ìmọ́lẹ̀ ń dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní sẹ̀ǹtímítà 30 kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi dé ìdí àgbá, kò ku ju bí 5 lọ. Ewé tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ń mí ni, kò ṣe oúnjẹ. Bí ewé bá pọ̀ jù nínú àgbá, wọ́n ń ṣíji bo ara wọn, nẹ́ẹ̀tì kọ́ ló fa òkùnkùn yẹn.

Ọjọ́ 4: gáàsì

Ẹ so sílíńdà mọ́ ògiri ní ìdúró, níta gbangba. CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń rọra kó jọ sí ilẹ̀ yàrá tí kò ní fèrèsé. 5,000 nínú mílíọ̀nù ni ìwọ̀n tí òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà gbà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Láti sílíńdà: régulétọ̀, fáàfù abẹ́rẹ́, sólẹ́nọ́ìdì, fáàfù aláìpadà, òkúta èéfọ́. Òkúta yẹn wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ páìpù atẹ́gùn, níbi tí omi ti ń wálẹ̀, kí èéfọ́ pẹ́ nínú omi. Bí ẹ bá fi sínú ìṣàn tó ń gòkè, atẹ́gùn á gbé CO2 lọ sójú ọ̀run.

Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ pH: kí ó ṣí gáàsì ní 8.3, kí ó pa á ní 8.1. Ó ń ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ dé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìkan. Lóru, ewé fúnra rẹ̀ ń tú CO2 jáde, kò nílò tiyín.

Fáàfù abẹ́rẹ́ ni ààbò tòótọ́. Oúnjẹ D lójúmọ́ tó pọ̀ jù jẹ́ móòlù 0.36, gíráàmù gáàsì 16, tó jẹ́ bí líta 9. Pín in sí wákàtí 11, ó jẹ́ bí mílílítà 14 ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní ìdajì ń sá lọ, 28 tó. Ẹ dì í mọ́ 30, kí ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀. Bí sólẹ́nọ́ìdì bá há ní ṣíṣí tí fáàfù abẹ́rẹ́ sì wà ní ṣíṣí gbayawu, pH lè já sí 6 kí ẹ tó ti ọjà dé.

Ẹni tí kò rí sílíńdà máa ń ronú kan ìwúkàrà àti ṣúgà nínú ìgò. Ó ń ṣe CO2 lóòótọ́: gíráàmù ṣúgà 100 lè fún wa ní bí 51. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bí ẹmu tó ń hó, kò gbọ́ pé ó tó, kò sì gbọ́ pé kó dáwọ́ dúró. Ó dára fún ìgò kan lórí tábìlì, kò dára fún àgbá.

Bẹ́kìn sódà ńkọ́? Ó wúlò fún àyẹ̀wò. Gíráàmù 15 nínú líta 180 ń fi bí 1,000 µmol kún líta kọ̀ọ̀kan. Ẹ da ìdajì rẹ̀ sínú C láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án, fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí ìdàgbà C bá yára sí i, kábọ̀n ló ń wọ́n án, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ná owó sílíńdà. Kò lè rọ́pò gáàsì títí lọ, torí pé ewé ń mú kábọ̀n inú báíkábọ́nétì ó sì ń fi òdìkejì ásíìdì sílẹ̀ sínú omi, pH á ṣì máa gòkè. Kánún kò jọra pẹ̀lú rẹ̀ o. Báíkábọ́nétì wà nínú kánún, ṣùgbọ́n kábọ́nétì àti ìdọ̀tí bá a rìn; kábọ́nétì yẹn á gbé pH sókè lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ 5: irúgbìn

Ẹ mú ewé tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, tí etí rẹ̀ kò funfun, tí kò sí ìgbín wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi òkun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi dídùn fún ìṣẹ́jú kan ń pa kòkòrò kéékèèké. Bó bá pẹ́ jù, ewé náà á jìyà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àgbá A fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè mọ́ra, kí ẹ tó pín in. Ewé tó ti abẹ́ òkúta wá, tí a gbé sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì 30% lójijì, oòrùn á jó o.

Gíráàmù 360 fún àgbá kan, ìyẹn gíráàmù 2 sí líta kan. Bí ẹ bá ṣe ń wọn ewé ọ̀kan ni kí ẹ máa wọn gbogbo rẹ̀: ìṣẹ́jú 2 nínú nẹ́ẹ̀tì kí omi ro, ìṣẹ́jú 1 láàárín táwẹ́ẹ̀lì, kí ó tó kan òṣùwọ̀n. Ewé tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ lè parọ́ ìdàgbà ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ 8 sí 24: kíkà àti bíbọ́

Lójoojúmọ́, ẹ ka pH, ooru àti ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, àti ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kò tó: pH ìdájí ń sọ ohun tí òru dá padà, ti ọ̀sán ń sọ ibi tí ebi dé.

Ajílẹ̀ ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa omi. Ulva ń gba nítíréètì nínú òkùnkùn náà, ewéko wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, tí ń sọ omi di àwọ̀ ewé, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ lò ó láìsí oòrùn. KNO3 gíráàmù 4.3 àti KH2PO4 gíráàmù 0.2 fún àgbá kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 0.6 náítírójìn, tó fún bí gíráàmù 15 ewé gbígbẹ tí 4% rẹ̀ jẹ́ náítírójìn. A mọ̀ pé ó pọ̀ jù fún A, àmọ́ ààrò kẹta gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin kí a lè mọ èyí tó ń mì. NPK 15:15:15 kò dára níbí: fọ́sífọ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀ jù fún ewé òkun, ohun mìíràn ló máa bọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin-kẹrin, ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ kó èyí tó lé kúrò, kí ó padà sí 360. Bó bá jẹ́ 540 ló dé: 540 sí 360 jẹ́ 1.5, lọ́gà rẹ̀ oníye e (ln lórí ẹ̀rọ ìṣirò) jẹ́ 0.405, pín in sí ọjọ́ 4, ìdàgbà 10.1% lójúmọ́. Lọ́jọ́ ìwọ̀n náà, ẹ pààrọ̀ ipò àgbá, kí èyí tó wà lẹ́bàá ògiri má máa jẹ òjìji ògiri nìkan. Àgbá kan fún ìtọ́jú kan kéré. Ìdí nìyí tí a fi ń tún un ṣe ní ìgbà mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì rẹ̀ rèé. Bí pH aago méjì C bá ti kọjá 9.0, tí D sì dúró sí 8.2 tó sì ń dàgbà jù ú, kábọ̀n ni àìsàn C. Bí pH A kò bá kọjá 8.6, tí B kò sì fi nǹkan kan jù ú lọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń dí àwọn méjèèjì, gáàsì B ń lọ sójú sánmà. Bí pH C bá wà nílẹ̀ tí ìdàgbà sì lọ́ra, ẹ wo àwọ̀ ewé: bí gbogbo ara rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, náítírójìn ló ń wá, bó bá jẹ́ pé àbàwọ́n funfun-funfun ló wà lójú ewé, oòrùn ti jó o.

Ohun tí ó ń bàjẹ́

Ìpele funfun lára páìpù atẹ́gùn àgbá C. Nígbà tí pH bá ń kọjá 9 lójoojúmọ́, kábọ́nétì ń so mọ́ kálísíọ̀mù, ó ń di ẹfun sórí ohun gbogbo, ihò atẹ́gùn á dí lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi náà ń pàdánù agbára rẹ̀ láti gbé kábọ̀n. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà rẹ páìpù náà ní òru kan, kí ẹ ṣan án dáadáa.

Ojú mítà pH tó ti hu ìdọ̀tí. Ó ń ka nǹkan pẹ̀lú ìjáfara, gáàsì á ti wọlé kọjá ààlà kí ó tó mọ̀, pH D á máa jó lọ jó bọ̀ láàárín 7.4 àti 8.5. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹta-kẹta, ẹ fi omi 7.00 àti 10.01 tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń fò nígbà tí pọ́m̀pù bá ṣí, iná ló ń jò sínú omi. Ẹ wá wáyà tó bó kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àgbá.

Iná tó lọ ní ọ̀sán. Nígbà tí omi kò ru mọ́, ewé á léfòó, ti òkè á jó, ti ìsàlẹ̀ á ṣókùnkùn, pH ẹ̀bá ewé á sì ta sókè ju ohun tí mítà ń sọ lọ. Bátìrì 100Ah tí a ń lò dé ìdajì á gbé pọ́m̀pù wáàtì 35 fún bí wákàtí 14. Ẹ fi ìyẹn ṣíwájú gáàsì nínú owó tí ẹ ń ná.

Omi tó di àwọ̀ ewé lójijì, tí ewé sì ń dín dípò kó pọ̀. Ulva ti tú irúgbìn rẹ̀ dànù: etí rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń di àwọ̀ ewé gbígbẹ, ẹ̀yìn náà á funfun, á sì yọ́. Ooru tó kọjá 32°C, iyọ̀ tó já lójijì tàbí gígé ewé wẹ́wẹ́ ló sábà ń fà á. Kò sí àtúnṣe, ẹ dà á nù kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ funfun tí a wé mọ́ ara àgbá ń dín ooru ọ̀sán kù.

Eruku ọyẹ́ lórí nẹ́ẹ̀tì. Nẹ́ẹ̀tì 30% tí a kò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọyẹ́ kì í ṣe 30% mọ́.

Láti àgbá sí oko

Oko abalone (ìgbín òkun tí wọ́n ń jẹ) ní South Africa tó ń gbin Ulva kò nílò láti ra sílíńdà. Wọ́n ń da omi tó ti ọ̀dọ̀ abalone jáde sínú odò àtọwọ́dá tí kò jìn, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ alábẹ̀bẹ̀ ru ú yí po. Omi yẹn gbé CO2 tí ẹran náà mí jáde àti amóníọ̀mù tó tọ̀ jáde. Ààrò méjì ló wọlé pọ̀, wọ́n sì fi àìjìn omi àti ríru tún ti ìmọ́lẹ̀ ṣe.

Lórí okùn nínú òkun, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Zanzibar, níbi tí wọ́n ti ń gbin ewé òkun pupa láti ọdún 1989 ní etíkun bíi Paje àti Jambiani, tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àgbẹ̀ rẹ̀, igi kéékèèké ni wọ́n kàn mọ́ yanrìn tí wọ́n na okùn láàárín wọn. Nígbà tí omi bá ń wọlé tàbí tó ń jáde, kábọ̀n tuntun ń kọjá lára ewé nígbà gbogbo. Wákàtí tó le ni ti ọ̀sán gangan nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, tí omi bá dúró lórí yanrìn, tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, tí ooru pọ̀ jù, tí pH ń gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ máa na okùn sí, wákàtí yẹn ni kí ẹ gbé mítà pH àti tẹmómítà lọ, kí ẹ kà á láàárín okùn, kí ẹ sì tún kà á ní mítà 20 sí ìta ibi tí ewé wà. Bí ti àárín bá ga ju ti ìta lọ ní 0.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ fa okùn jìnnà síra, tàbí kí ẹ sún wọn síbi tí omi kì í ti dúró.